Erin tó darúgbó sọ́wọ́ èèyàn

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá erin ti ń darúgbó, ẹ má wo ojú ẹ̀, torí àtikékeré ni awọ erin ti hunjọ. Ìgbẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò. Àwọn tó ń tọ́jú erin nínú ọgbà ẹranko máa ń tú ìgbẹ́ yẹn palẹ̀, wọ́n á fọwọ́ fà á ya, wọ́n á wo bí koríko inú ẹ̀ ṣe gùn tó. Tó bá rí wẹ́wẹ́, á jẹ́ pé ó ṣì ń rí nǹkan lọ̀ lẹ́nu. Àmọ́ tó bá gùn gbọọrọ, tó jẹ́ pé bí koríko ṣe wọlé náà ló ṣe jáde, eyín ti ń tán lọ nìyẹn, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tètè wá nǹkan ṣe kó tó di pé egungun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ẹ̀.

Kì í ṣe eyín funfun gígùn tí wọ́n ń torí ẹ̀ pa wọ́n ni mò ń sọ o, èrìgì ni, eyín tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ. Àwa èèyàn, ẹ̀ẹ̀mejì péré leyín ń hù fún wa, ti erin ẹ̀ẹ̀mẹfà ni, kì í sì í hù látìsàlẹ̀ wá sókè bíi tiwa, ẹ̀yìn ẹnu ló ti ń yọ, á máa rọra sún bọ̀ níwájú bí èèyàn tó tò sórí ìlà, èyí tó wà níwájú á máa jẹ, á máa kán díẹ̀díẹ̀ jábọ́, èyí tó wà lẹ́yìn á bọ́ sí àyè ẹ̀. Ìkẹfà, tó jẹ́ ìkẹyìn, máa ń yọ tí erin bá ti wọ nǹkan bí 40 ọdún, òun ló sì máa lò títí di 60, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tíyẹn bá ti lọ, kò sí òmíì mọ́. Nínú igbó, erin tí ọta ìbọn ò pa, tí ọ̀dá ò pa, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń parí sí, á máa wá ibi irà lọ níbi tí koríko ti rọ̀, á máa jẹ ìwọ̀nba tó bá lè jẹ, títí ebi á fi pa á láàárín oúnjẹ.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ òwe yìí, àmọ́ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn erin àgbàlagbà tó wà lọ́wọ́ èèyàn ló tó wá gún mi lọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bímọ rí, kékeré ni wọ́n ti já wọn gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n kó wọn sọdá òkun, òmíì nínú wọn wà fún 30 tàbí 40 ọdún láìfojú kan erin bíi tiẹ̀. Ọmọ wo ni kó wá mu ọmú ẹ̀? Ẹni tó mú un yẹn náà ni. Ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn nìyẹn, pé ẹni tó bá mú ọmọ erin kúrò nínú igbó ti sọ ara ẹ̀ di ọmọ fún erin yẹn, ìtọ́jú tó sì jẹ ẹ́ ò tán títí dọjọ́ tó bá máa kú.

Èmi náà tọ́jú ìyá tó bí ìyá mi nígbà tí eyín ti tán lẹ́nu wọn, mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ń lọ oúnjẹ fún ẹni tó lọ oúnjẹ fún un rí, bóyá ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára tó báyìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Hanako. Thailand ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1947, nígbà tó di 1949 wọ́n gbé e dé Japan, ọmọ ọdún méjì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ti ní kí wọ́n pa àwọn ẹranko ńláńlá tó wà ní ọgbà ẹranko Ueno ní Tokyo, àwọn erin ibẹ̀, ṣe ni wọ́n febi pa wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tí ebi pa yẹn ń jẹ́ Hanako, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fún ọmọ erin tuntun yìí. Lọ́dún 1954 wọ́n gbé e lọ sí ọgbà Inokashira, ní Tokyo níbẹ̀ náà, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú. Ó pa èèyàn méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀mùtí tó yọ́ wọlé tọ̀ ọ́ lóru lọ́dún 1956, èkejì jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, lọ́dún 1960. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀, ó rù kan egungun, títí tí ẹlòmíì fi dé tó gba iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀, ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kó pẹ́ tó fi tú ṣéènì yẹn, ó sì dúró tì í fún nǹkan bí 30 ọdún. Fún 30 ọdún o! Ọmọ ẹlòmíì ò lè dúró ti òbí tó bí i lọ́mọ fún ọdún mẹ́ta.

Nígbà tí Hanako darúgbó, èrìgì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sẹ́nu ẹ̀. Kan ṣoṣo. Erin tó yẹ kó máa jẹ koríko bí ẹni ń kó ìdọ̀tí sínú ọkọ̀, tó yẹ kó jẹ ju 100 kílò lọ lójúmọ́, eyín kan ló fi ń jẹun, torí náà ṣe làwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ ń gé oúnjẹ ẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n ń ṣe é bí ẹní ń ṣe oúnjẹ ọmọ, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó ṣe lo ọdún 69 láyé nìyẹn, kò sì sí erin míì ní Japan tó tíì pẹ́ tó o nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ èyí nìkan, ẹ ó ní wọ́n ṣe é dáadáa. Àmọ́ orí kọnkéré ló dúró sí ní gbogbo ọdún yẹn, láàárín ògiri, òun nìkan, kò sí erin kankan pẹ̀lú ẹ̀. Nígbà tí fọ́tò ẹ̀ wá tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2015, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n pe ẹni tó mọ̀ nípa erin wá wò ó, ibi tọ́rọ̀ já sí ni pé ewu ló wà nínú kéèyàn gbé àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ rìnrìn àjò, ibi tó wà yẹn náà ni kí wọ́n tún ṣe fún un. Ní May 26, 2016, ní àárọ̀, wọ́n bá a nílẹ̀, ó ti ṣubú, kò lè dìde, wọ́n gbìyànjú títí kí wọ́n yí i padà, nígbà tó máa fi di ọ̀sán ó ti kú.

Mo máa ń rí àwọn tó ń jà lórí ọ̀rọ̀ Hanako, àwọn kan á ní ìkà ni gbogbo ẹ̀, àwọn kan á ní ìfẹ́ ni. Lójú tèmi, àwọn tó gé oúnjẹ yẹn wẹ́wẹ́ fẹ́ràn ẹ̀ dénú, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Ibi tó ń gbé ló burú. Ìfẹ́ ẹni tó mú garawa oúnjẹ dání ò lè sọ kọnkéré di ilẹ̀ igbó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn gan-an ló wá kàn, torí tí eyín bá jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ọjọ́ ogbó ti ń mú erin, ẹsẹ̀ ni ìkejì, àwọn tó wà ní àhámọ́ sì rèé, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú wọn. Ẹsẹ̀ erin dà bí òpó lójú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo inú ẹ̀, orí ọmọ ìka ló ń rìn, bí obìnrin tó wọ bàtà gíga, tìmùtìmù ọ̀rá kan ló wà lábẹ́ gìgísẹ̀ ẹ̀ tó ń gba gbogbo ìwúwo yẹn dúró, ìwúwo tó ń lọ sí tọ́ọ̀nù mẹ́ta, mẹ́rin, àwọn akọ ti Áfíríkà tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nínú igbó, ìrìn ló ń tún ẹsẹ̀ yẹn ṣe, òkúta á ha èékánná, iyanrìn á ha àtẹ́lẹsẹ̀, ẹrẹ̀ á rọ̀ ọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ojú kan lerin ń dúró sí lórí kọnkéré látàárọ̀ dalẹ́, tó tún ń tẹ ìtọ̀ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀, èékánná á gùn kọjá bó ṣe yẹ, á sán, àtẹ́lẹsẹ̀ á là, ìdọ̀tí á ráyè wọlé, ó di oówo, oówo di ọyún, ọyún bá wọnú egungun lọ. Ká má parọ́, tó bá ti dé egungun, ó ṣòro kí wọ́n tó rí i wò. Ẹsẹ̀ àti oríkèé ríro wà lára ohun tó ń gbẹ̀mí erin àhámọ́ jù.

Fídíò kan wà tí mo ti wò tó ìgbà mẹ́wàá. Erin àgbàlagbà kan rọra rìn wá síbi ọ̀pá irin, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ wà lódì kejì irin yẹn, torí láwọn ibi tó dáa báyìí wọn kì í bá erin wọnú yàrá mọ́, wọn kì í sì fi ìwọ̀ irin gún un kó tó gbọ́rọ̀. Obìnrin yẹn kàn sọ ọ̀rọ̀ kan, erin náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó gbé e lé ibi tí wọ́n ṣe fún un, ó sì gbé e dúró síbẹ̀. Obìnrin yẹn bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ láàárín èékánná kọ̀ọ̀kan, ó mú ọ̀bẹ tó tẹ̀ lẹ́nu, ó ń bó awọ tó ti kú kúrò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ kan há sínú ibi tó là, ó yọ ọ́, ó gbé e sókè sí kámẹ́rà, kò ju orí ìka lọ. Lẹ́yìn náà ó mú fáìlì, ó ń fi ha èékánná. Láàárín kan ẹsẹ̀ erin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àgbà ni, ẹsẹ̀ mẹ́ta ò rọrùn fún un láti dúró lé, obìnrin yẹn rí i, ó ní kó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó fún un ní èso, ó dúró dè é. Kò kánjú ẹ̀. Ìgbà tí ara ẹ̀ balẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló tún gbé ẹsẹ̀ yẹn wá, obìnrin yẹn ò tíì pè é.

Ibi tó máa ń pa mí lẹ́kún nìyẹn, mi ò mọ ìdí.

Ní ti iye ọdún tí wọ́n ń lò, èèyàn gbọ́dọ̀ rọra gbọ́ ọ. Lin Wang ni gbogbo ayé mọ̀, erin Éṣíà tó bá àwọn ọmọ ogun Japan fa ẹrù ní Burma, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, tí àwọn ọmọ ogun China gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1943, tí wọ́n mú dé Taiwan lọ́dún 1947, tó sì kú sí ọgbà ẹranko Taipei lọ́dún 2003, ọmọ ọdún 86. Dakshayani ti tẹ́ńpìlì ní Kerala, ní Íńdíà, kú lọ́dún 2019, wọ́n ní ọmọ ọdún 88 ni. Vatsala tó wà nínú igbó ọba Panna, ní Íńdíà náà, kú ní July 2025, wọ́n ní ó ti lé ní 100 ọdún, àmọ́ kò sí ìwé kankan tó fìdí ìgbà tí wọ́n bí i múlẹ̀, erin tí wọ́n mú nínú igbó, ta ló mọ ọjọ́ orí ẹ̀? Ohun tí mo rí ni pé àwọn èèyàn á ka orúkọ mẹ́ta yìí, wọ́n á ní ṣẹ́ ẹ rí i, erin àhámọ́ ń pẹ́ láyé.

Wọn ò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science, wọ́n kó àkọsílẹ̀ erin tó ju 4,500 jọ. Abo erin Áfíríkà tí wọ́n bí sínú ọgbà ẹranko ní Yúróòpù, ìdajì wọn ti kú kí wọ́n tó pé ọdún 17. Àwọn tó ń gbé nínú igbó ní Amboseli, ní Kenya, tó jẹ́ pé ikú ọlọ́jọ́ ló pa wọ́n, 56 ni tiwọn. Kódà tẹ́ ẹ bá ka àwọn tí èèyàn pa ní Amboseli mọ́ ọn, ó ṣì tó nǹkan bí 36. Ti erin Éṣíà ló wá yà mí lẹ́nu jù, nǹkan bí 19 nínú ọgbà ẹranko, nǹkan bí 42 fún àwọn tó ń fa gẹdú fún ìjọba Myanmar. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àṣekára o! Àwọn ọgbà ẹranko ò gba ìwádìí yìí, wọ́n ní àkọsílẹ̀ àtijọ́ pọ̀ jù nínú ẹ̀, pé ìtọ́jú ti yàtọ̀, òótọ́ sì ni pé nǹkan ti yàtọ̀ láwọn ibì kan. Àmọ́ mi ò lè gbàgbé àwọn erin Myanmar yẹn. Iṣẹ́ wọn le, ẹlòmíì nínú wọn á ti fara pa, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi erin fa igi. Ohun tí mò ń rò ni pé tí iṣẹ́ bá ti parí wọ́n máa ń tú wọn sílẹ̀ sínú igbó mọ́jú, wọ́n á rìn, wọ́n á wá oúnjẹ fúnra wọn, wọ́n á pàdé erin míì. Tó bá yá, nígbà tí wọ́n bá ti lé ní 50 dáadáa, wọ́n á fẹ̀yìn tì, kò ní fa igi mọ́. Ìrìn àti ẹgbẹ́. Àwọn tó wà lórí kọnkéré tí wọn kì í ṣiṣẹ́ kankan, tí dọ́kítà wà níbẹ̀, tí oúnjẹ ń wá bá nílé, ohun méjì yẹn ni wọn ò ní.

Nítorí ẹgbẹ́ náà, erin tó darúgbó nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n ju oògùn lọ. Lin Wang tí mo dárúkọ yẹn ní ìyàwó, Malan, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n jọ gbé. Malan kú ní 2002, jẹjẹrẹ ló pa á. Láti ìgbà yẹn ni agbára Lin Wang ti ń lọ sílẹ̀, oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ọdún ò yípo tóun náà fi lọ. Erin kan tó ń jẹ́ Shirley náà ńkọ́? Sákọ́ọ̀sì ló fayé ẹ̀ ṣòfò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ kan ti kán rí, wọ́ọ́kúwọ́ọ́kú ló jinná, lẹ́yìn náà ó dá gbé ní ọgbà ẹranko kan ní Louisiana fún nǹkan bí 22 ọdún. Lọ́dún 1999 wọ́n gbé e lọ síbi ìsinmi àwọn erin ní Tennessee, Jenny wà níbẹ̀, Jenny tó jẹ́ ọmọ kékeré nígbà tí wọ́n jọ wà ní sákọ́ọ̀sì kan náà. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rí ara wọn, irin ló wà láàárín wọn, wọ́n ké, wọ́n bú ramúramù, wọ́n ń na ọwọ́jà sí ara wọn, wọ́n fẹ́ bá ara wọn débi pé irin yẹn tẹ̀. Jenny kú ní 2006. Shirley kú ní 2021, ọmọ ọdún 72, ó lo ohun tó ju 20 ọdún níbi tó ti lè rìn lórí koríko.

Àwọn àìsàn míì wà tí mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ dúró lé. Ìju, ìyẹn fibroid, wọ́pọ̀ lára àwọn abo erin Éṣíà tí wọn ò bímọ rí. Ikọ́ ife náà ń mú wọn, èèyàn lè kó o ràn wọ́n, àwọn náà lè kó o ràn èèyàn. Packy, erin tí wọ́n bí ní Oregon lọ́dún 1962, èyí tí oògùn ò ràn mọ́ ló ní, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń pa ẹranko kó má bàa jìyà mọ́, ní 2017.

Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń bínú sí jù. Ọjọ́ ikú erin là á rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ, ìyẹn ò yí padà, ọ̀bẹ ayé ìsinsìnyí ni ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sẹ́ni tí kì í mú tiẹ̀ jáde. Mo ti rò ó dáadáa, mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kó kú fúnra ẹ̀. Erin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, tó bá ṣubú, ìwúwo ara ẹ̀ ló máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ pa, kò sí ohun tó ń jẹ́ ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ fún un. Erin kan wà, Ambika, tó wà ní ọgbà ẹranko ní Washington, inú igbó Íńdíà ni wọ́n ti mú un nígbà tó wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ó fa gẹdú títí di 1961, wọ́n wá fi ṣe ẹ̀bùn fún Amẹ́ríkà lórúkọ àwọn ọmọdé Íńdíà. Ìgbà tó fi máa tó nǹkan bí ọmọ ọdún 72, oríkèé ti pa ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ẹ̀ lára, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń gbé ìwúwo ẹ̀ jù. Ní March 2020, wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ó sì ti ń ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn méjì yòókù. Wọ́n jẹ́ kó lọ. Ohun tí wọ́n ṣe tó dáa jù lójú mi ni pé wọ́n jẹ́ kí àwọn méjì yẹn, Shanthi àti Bozie, wá síbi òkú ẹ̀, wọ́n fọwọ́jà tọ́ ọ káàkiri ara.

Oorun ló kù. Erin àgbà tí oríkèé ń ro máa ń bẹ̀rù àtidùbúlẹ̀, torí ó ti mọ̀ pé dídìde ò dájú, torí náà á kàn fara ti ògiri, á sùn lórí ìdúró, oṣù lè tẹ̀ lé oṣù kó máà fẹ̀yìn kanlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún un ò wọ́n, òun ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà: wọ́n á da iyanrìn jọ bí òkè kékeré sínú yàrá ẹ̀, kó fi lè jẹ́ pé á kàn rọra fẹ̀gbẹ́ lé e, kò ní dé ilẹ̀ tán, tó bá sì fẹ́ dìde kò ní jìnnà. Wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wọlé, kí wọ́n tó tú ìgbẹ́ kankan wò, ara ẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ̀gbẹ́ kan títí dé etí, bóyá iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn.